Ẹ̀rọ gààrí, ọjà oníke àti ọkọ̀ nọ́mbà Nàìjíríà, láti Ìlárá wọ Kétu: èwo la máa san, èwo ni kò yẹ ká san?

Ará_Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹrù kan fẹ́ ti Nàìjíríà gba ibodè Ìlárá wọ Kétu ní Benin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni, méjì. Àwọn onírin n'Íbàdàn ló rọ ọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ jẹ́ ti Ṣáínà. Owó méjèèjì, pẹ̀lú owó ọkọ̀ dé ibodè, jẹ́ 1,000,000 sẹ́fà. Báfù àti bókẹ́ẹ̀tì oníke tí iléeṣẹ́ kan ṣe ní Ọ̀tà wà pẹ̀lú rẹ̀, 600,000 sẹ́fà. Ọkọ̀ tó máa kó wọn ni Toyota pick-up nọ́mbà Ògùn, ti ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ábẹ́òkúta. A fẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró ní Kétu bí oṣù mẹ́fà, kó máa bá wa kó ẹrù oko.

Àwọn kan ní ECOWAS ni gbogbo wa, kò sí owó ibodè kankan. Àwọn mìíràn ní ká ṣáà san gbogbo rẹ̀, pé bí ọkọ̀ bá padà sí Nàìjíríà, ìjọba á dá owó padà fún wa. Ta ni ká gbọ́?

Oníwèé_Ìgólò

Ará Kétu, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Àwọn méjèèjì gbé e gba ibi tí kò gbà.

Ohun tí oníbodè ń bèèrè ni ibi tí wọ́n ti *ṣe* ọjà. Ibi tí ẹ ti *rà* á kò kàn án. Firíìjì Ṣáínà tí ẹ rà ní Aláàbà, firíìjì Ṣáínà náà ni, owó ibodè rẹ̀ pé pérépéré. Ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ ECOWAS nìkan ni ẹ̀tọ́ àìsan owó ibodè wà fún, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí.

Èkíní ni ohun oko, ohun ọ̀sìn àti ẹja tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn: àgbàdo, iṣu, ata, ẹran ààyè. Kò nílò ìwé ibi-tó-ti-wá. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ àbáláyé: aṣọ òfì, ìkòkò amọ̀, ẹní. Òun náà kò nílò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọjà iléeṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ lábẹ́ ètò ìṣòwò òmìnira ECOWAS fún ọjà yẹn gan-an, ẹrù kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní certificat d'origine (ìwé ibi-tó-ti-wá) tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti oníléeṣẹ́, ló ń fún wọn níwèé yìí. Nọ́mbà àṣẹ iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ hàn lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pe iléeṣẹ́ oníke tó wà ní Ọ̀tà *kí ẹ tó sanwó ọjà*. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní àṣẹ ECOWAS fún báfù àti bókẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ lè ní àṣẹ fún àga oníke kó má ní in fún báfù o. Bí wọ́n bá ní in, kí wọ́n bá yín gba ìwé ẹrù yìí. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ alátúntà nínú ọjà, ẹ gbàgbé ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó máa fún yín.

Ṣábẹ́_Òkè

Ẹ̀gbọ́n Oníwèé, ẹ̀rọ gààrí yẹn ńkọ́? Ìbàdàn ni wọ́n ti rọ ọ́, irin Ìbàdàn ni. Ṣé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà á wá sọ ọ́ di ará Ṣáínà ni?

Oníwèé_Ìgólò

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì nìkan kò sọ ọ́ di ará Ṣáínà. Ọjà tí ohun àjèjì wà nínú rẹ̀ ṣì lè jẹ́ ti ECOWAS bí nọ́mbà oní-díjíìtì mẹ́rin tí wọ́n fi ń pe irú ọjà rẹ̀ nínú ìwé owó ibodè bá yàtọ̀ sí ti ohun àjèjì tí wọ́n fi ṣe é, tàbí bí iye tí iṣẹ́ àárín ECOWAS fi kún un bá tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wà ní 8408. Ẹ̀rọ tí ń ṣe ewébẹ̀ àti èso wà ní 8438. Nọ́mbà ti yípadà, ó kọjá.

Àmọ́ onírin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ búkà kò ní àṣẹ ECOWAS, kò sì sí ẹni tó máa fún un ní certificat. Ẹ̀tọ́ wà nínú òfin, ìwé tó máa gbé e dúró ni kò sí. Lójú ibodè, ọjà tí kò níwèé, ọjà ìta ni. Ó dùn mí kí n sọ ọ́, torí pé àwọn onírin wọ̀nyí gan-an ló yẹ kí ètò yẹn ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ iṣẹ́ ṣáà dára díẹ̀: owó rẹ̀ kéré. Owó ibodè ọjà ìta tó ń wọ ECOWAS ní ìpele márùn-ún láti oṣù kìíní ọdún 2015: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ iṣẹ́ sábà máa ń bọ́ sí 5. Ọjà tí wọ́n ti ṣe parí tí a ń lò nílé, bíi báfù, bọ́ sí 20.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù ẹ̀rọ kó tó kúrò n'Íbàdàn, kí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá kó ẹ́ńjìnnì sínú páálí lọ́tọ̀, tí ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò lè kọ ọ́ sí ọ̀nà méjì, 8408 lọ́tọ̀, 8438 lọ́tọ̀, kí ìjiyàn bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá so pọ̀, iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣe ni wọ́n máa fi pè é: ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́.

Oníṣirò_Ọwàndó

Ẹ kú ìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á ní "20 owó ibodè, 18 TVA, àpapọ̀ 38." Kò rí bẹ́ẹ̀. TVA, owó-orí orí ọjà títà, máa ń gun orí owó ibodè.

Báfù àti bókẹ́ẹ̀tì, láìsí certificat:
Iye ọjà dé ibodè: 600,000
Owó ibodè 20%: 120,000
Redevance statistique (owó àkọsílẹ̀ ìṣirò ọjà) 1%: 6,000
Ibi tí TVA ti bẹ̀rẹ̀: 726,000
TVA 18%: 130,680
Àpapọ̀: 256,680 sẹ́fà

Ìyẹn sún mọ́ 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó àjọ ECOWAS, 0.5%, ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú ti UEMOA (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà) àti àwọn kéékèèké mìíràn, àti AIB tí mo máa sọ̀rọ̀ lé.

Bí certificat bá wà, 120,000 yẹn kúrò, TVA tó gùn ún sì bá a lọ. TVA tó kù jẹ́ 109,080. Nítorí ìwé kan ṣoṣo, ohun tó lé ní 140,000 sẹ́fà dúró sápò yín. Ẹ kíyè sí i pé TVA kò kúrò o! Ẹni tó bá ní ECOWAS kò san nǹkan kan, TVA ló gbàgbé. Bókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Kùtọnu gan-an ń san TVA.

Ẹ̀rọ gààrí:
Iye: 1,000,000
Owó ibodè 5%: 50,000
Redevance 1%: 10,000
TVA 18% lórí 1,060,000: 190,800
Àpapọ̀: 250,800, kí àwọn kéékèèké tó wọlé.

Owó ọkọ̀ dé ibodè gbọ́dọ̀ wà nínú iye ọjà, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹni tó bá fi owó ọjà nìkan sílẹ̀, oníbodè á fi owó ọkọ̀ àti ìdánilójú kún un bó ṣe tọ́ lójú tirẹ̀, èyí tó máa ń ju èyí tí ẹ san lọ.

Alága_Òkòwò

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ìwé rísíìtì kún un. Rísíìtì tí wọ́n kọ "assorted plastics, 1 lot" sí, òfo ni. Oníbodè á ní òun kò gbà á, á fi iye tirẹ̀ lé e, ẹ ò sì ní ohun tí ẹ máa fi já a. Kí rísíìtì kọ báfù lítà 30, mélòó, èló ọ̀kan. Bókẹ́ẹ̀tì lítà 10, mélòó, èló ọ̀kan. Iye tó wà lórí rísíìtì, lórí certificat àti lórí ìwé ẹrù ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu délẹ̀. Bí certificat bá ní páálí 40, tí oníbodè ka 43, mẹ́ta yẹn kò níwèé. Ìtanràn lè bá gbogbo ẹrù nítorí wọn.

Ọ̀kan tó tún ń ṣẹlẹ̀: àwọn èèyàn á fi àpò ìrẹsì méjì tàbí páálí pómáàdì sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fún ará ilé. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù, fàyàwọ́ ni lójú òfin, ọkọ̀ tó gbé e sì wà nínú ewu ìgbẹ́sẹ̀lé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà.

Ará_Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ ló kù báyìí. Oṣù mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.

Mẹkáníìkì_Pọ́bẹ̀

Oṣù mẹ́fà kò ṣeé ṣe lọ́nà tí ẹ ń rò. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 lórí ìrìnàjò fún ọkọ̀ àdáni ní ọjọ́ 90 ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọkọ̀ òwò, ọjọ́ 15 péré, kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣòwò nínú ìlú tó wọ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Ẹ lè bèèrè àfikún, kí ọjọ́ tó pé ni o. Bó bá ti kọjá lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí kò san owó ibodè tó ń rìn nílùú ni.

Pick-up tó wá kó ẹrù oko ní Kétu fún oṣù mẹ́fà, ẹ sọ fún mi, ṣé àlejò nìyẹn? Ohun tí wọ́n fún láàyè ni kí ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá kí yín, kó padà. Ẹni tó ń gbé ní Benin tó ń wa ọkọ̀ nọ́mbà Nàìjíríà kiri ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ gba ọkọ̀ nọ́mbà Benin ní Ìlárá, kí ti ẹ̀gbọ́n gbé ẹrù dé ibodè kó yí padà. Tàbí kí ẹ san owó ibodè ọkọ̀ pátápátá, ohun tí àwọn transitaire (àwọn tó ń bá èèyàn ṣe ìwé ibodè) ń pè ní mise à la consommation, IM4 nínú Sydonia, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àwọn oníbodè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ANaTT, àjọ ìrìnnà orí ilẹ̀ ní Benin, fún nọ́mbà Benin.

Bó bá jẹ́ àbẹ̀wò nìkan, ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀: ìwé ọkọ̀ gan-an (kì í ṣe fọ́tòkọ́pì), láísẹ́ńsì, Carte Brune (ìwé ìnṣọ́ránsì) ti ECOWAS, laissez-passer (ìwé àṣẹ ìkọjá) tí wọ́n bá fún yín ní ibodè. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá sí nínú ọkọ̀, procuration (ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ rẹ̀) tó ní òǹtẹ̀. Carte Brune ni àwọn èèyàn máa ń fojú di. Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà lásán kò dáàbò bo yín lẹ́yìn Ìlárá.

Mẹkáníìkì_Pọ́bẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti nọ́mbà sháàsì kún un, torí òun ló ń dá ọkọ̀ tó mọ́ délẹ̀ dúró. Ìdí tó ń fà á kò ju pé nọ́mbà orí ìwé àti ti ara irin kò bára mu ní lẹ́tà kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpata kúrò lára sháàsì, pick-up sábà ní in lápá ọ̀tún lẹ́bàá táyà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á, kí ẹ fi àkísà nu ojú rẹ̀: ṣọ́ọ̀kì á kù sínú ihò lẹ́tà, ẹ ó rí i kedere. Ẹ yà á ní fọ́tò. Lẹ́tà àti nọ́mbà 17 ni. Kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú rẹ̀ láé. Bí ìwé ọkọ̀ bá kọ O, akọ̀wé ló ṣì í, odo ni. Ẹ lọ tún un ṣe níbi tí wọ́n ti fún yín níwèé kí ẹ tó dé ibodè.

Ìkẹwàá nínú 17 ni ọdún, fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà: A ni 2010, B ni 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, H ni 2017, wọ́n fo I, J ni 2018. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í sábà tẹ̀lé e, ẹ wo ìwé rẹ̀.

Nǹkan mìíràn: pick-up. Èyí tó ní ìjókòó iwájú nìkan tí ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹrù, 8704 ni, ọkọ̀ ẹrù. Double cabine ni wọ́n máa ń bá yín jiyàn lé, bóyá 8704 ni tàbí 8703, ọkọ̀ èrò. 8703 wọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ mú ìwé tó kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé, kí transitaire fi í sílẹ̀ pẹ̀lú déclaration (ìwé ìkéde ẹrù) látìbẹ̀rẹ̀.

Aráalé_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìdàkejì rẹ̀. Ọkọ̀ tí a rà ní Kùtọnu, a fẹ́ kó gba Ìgólò wọ Ìdí-Ìrókò kí wọ́n sanwó rẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Oníwèé_Ìgólò

Rárá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà kò gba kí ọkọ̀ títà wọlé láti orí ilẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Ìdí-Ìrókò tí wọ́n tún ṣí lóṣù kẹrin 2022 kò yí ìyẹn padà. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 12 tí wọ́n ti ṣe é tún wà nínú èèwọ̀ wọn, ọdún tí wọ́n ṣe é ni wọ́n ń kà. Ẹ fi nọ́mbà Benin wọ̀ ọ́ lọ kí ará, kí ẹ padà, ìyẹn kò burú. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà, owó yín ló mọ̀nà.

Ṣábẹ́_Òkè

Àwa tí à ń kó iṣu àti àgbàdo láti Ṣábẹ́ lọ sí ọ̀nà Ṣakí ńkọ́? Ìwé mélòó?

Alága_Òkòwò

Ohun oko ni, kò ní certificat d'origine, kò ní owó ibodè. Àmọ́ ìwé ìlera irúgbìn gbọ́dọ̀ bá a rìn, phytosanitaire. Ti ìlú tí ọjà ti ń jáde ni, kì í ṣe ti ìlú tó ń wọ̀. Ẹni tó ń kó wọlé láti Nàìjíríà, ọwọ́ NAQS, àjọ tó ń yẹ irúgbìn àti ohun ọ̀sìn wò ní Nàìjíríà, ló ti ń gbà á. Kajú sì yàtọ̀ pátápátá: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde. "Ohun oko ni" kò gba kajú sílẹ̀, ẹ má bá wọn ṣe é.

Ará_Kétu

Owó tí wọ́n ní ìjọba máa dá padà, òótọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Oníṣirò_Ọwàndó

Díẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Owó ibodè ọkọ̀ tí ẹ ti san ní IM4, ó lọ nìyẹn. Kí ẹ lò ó lọ́dún kan kí ẹ gbé e padà sí Abẹ́òkúta kò mú kọ́bọ̀ jáde. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọjà máa jáde padà, ìgbà tó ń wọlé ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sí admission temporaire, ìwọlé onígbà díẹ̀. Déclaration tí wọ́n ti tì pa kò ṣeé sọ di òmíràn tìrọ̀rùn.

Ohun tó lè padà ni mẹ́ta. TVA, bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún TVA tí ẹ sì ń tà: ẹ ó yọ èyí tí ẹ san ní ibodè kúrò nínú èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà. AIB, tó jẹ́ àsansílẹ̀ owó-orí èrè: a máa yọ ọ́ nínú owó-orí ọdún yín. Ẹ̀kẹta ni owó tí wọ́n ṣèṣì gbà jù, nípa àṣìṣe ìṣirò tàbí nọ́mbà ọjà. Ẹ kọ̀wé, ẹ fi quittance (rísíìtì owó ibodè) gan-an tì í.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ dúró lórí IFU, nọ́mbà owó-orí yín tó ní díjíìtì 13. Ibi tí owó ń sọnù sí nìyí: transitaire á kó ẹrù èèyàn márùn-ún pọ̀ sórí IFU ẹnì kan, ó ní kó lè yá. Ẹrù yín jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n TVA àti AIB tí ẹ san wọ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ ò lè yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní IFU rárá, AIB rẹ̀ ga ju ti ẹni tó ní in lọ. Ẹ gbà á kí ẹ tó gbé ẹrù.

Bí ẹ bá rí bulletin de liquidation, ìwé tó kọ iye tí ẹ máa san, ẹ má kọ́kọ́ wo àpapọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ wo orúkọ àti IFU lókè. Ẹ wo nọ́mbà ọjà, ìwọ̀n, iye. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan, DD (owó ibodè), RS (redevance statistique), TVA, ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín ṣe é bí mo ṣe ṣe é lókè. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú ọgbà ibodè. Bí báfù bá ti délé, kí lẹ máa fi hàn wọ́n?

Ará_Kétu

Transitaire kan ní kí n fún òun ní 150,000 fún gbogbo rẹ̀, pé ẹ̀dínwó ni, pé òun kò ní fún mi ní quittance.

Oníwèé_Ìgólò

Àǹfààní kọ́ nìyẹn. Láìsí quittance, lọ́nà Pọ́bẹ̀ tàbí Ṣàkẹ́tẹ́ níbikíbi tí àwọn douane bá ti dá yín dúró, ẹrù tí kò sanwó ni ẹ gbé. Ẹ ó tún un san, pẹ̀lú ìtanràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ wá transitaire tó ní àṣẹ, commissionnaire agréé. Ẹ bá a kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, owó ìjọba lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tó bá fi déclaration sínú Sydonia, ẹ bi í léèrè nọ́mbà rẹ̀ àti àwọ̀ tó bọ́ sí. Àwọ̀ ewé, ẹ ó kọjá. Yẹ́lò, ìwé ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Pupa, wọ́n máa tú ẹrù, ẹ wá àwọn tó máa rù ú sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì wà níbẹ̀ fúnra yín kí wọ́n má fọ́ báfù. Bulletin á jáde, ẹ ó san án, ẹ ó gba quittance, lẹ́yìn náà bon à enlever, ìwé àṣẹ láti gbé ẹrù jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ mira kí méjèèjì yìí tó wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

Ará_Kétu

Mo ti pe Ọ̀tà. Wọ́n ní àṣẹ wà fún bókẹ́ẹ̀tì, kò sí fún báfù.

Oníṣirò_Ọwàndó

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ rísíìtì méjì nígbà náà, bókẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ pẹ̀lú certificat rẹ̀, báfù lọ́tọ̀. Ìlà méjì nínú déclaration kan náà. Ẹ fi iye bókẹ́ẹ̀tì nìkan ránṣẹ́ síbí, ká tún un ṣírò.